ÌWÉ TÍ A NÍ ÀTI ÌWÉ TÍ ỌWỌ́ WA LÈ TÓ

Bí àwọn ilé ìkàwé ṣe ń mọ èyí tí wọn yóò rà àti èyí tí wọn yóò yá

Ìbéèrè kan wà tí gbogbo ilé ìkàwé ní ayé ń dáhùn lọ́dọọdún, ìbáà ṣe ilé ìkàwé ńlá ti yunifásítì, ìbáà ṣe yàrá kékeré ní abúlé tí ó ní kọ́bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo. Ìbéèrè náà ni pé: owó tí ó wà lọ́wọ́ yìí, ṣé kí á fi ra ìwé tí yóò di tiwa títí láé ni, tàbí kí á fi la ọ̀nà tí àwọn òǹkàwé wa yóò gbà rí ìwé tí ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn?

Ó lè dàbí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé nìkan ni èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó fẹ́ mọ ohun tí ń pa kòkó rẹ̀, agbẹ̀bí tí ó fẹ́ mọ ìtọ́jú tuntun fún aboyún, ọmọ ilé-ìwé tí ó ń múra ìdánwò, àti ìjòyè tí ó ń wá àkọsílẹ̀ ìtàn ìlú rẹ̀, gbogbo wọn ni ìdáhùn náà kàn. Bí ilé ìkàwé bá dáhùn rẹ̀ dáradára, olúkúlùkù wọn yóò rí ohun tí ó ń wá. Bí ó bá ṣì í dáhùn, àwọn kan nínú wọn yóò padà sílé lọ́wọ́ òfo, àwọn ohun kan yóò sì parẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní rí mọ́. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ la ọ̀rọ̀ yìí yé àwọn òǹkàwé wa.

IṢẸ́ MÉJÌ TÍ ILÉ ÌKÀWÉ Ń ṢE

Iṣẹ́ kìn-ín-ní tí ilé ìkàwé ń ṣe ni ìpamọ́. A ń kó ìwé jọ síbẹ̀ kí ó má baà sọnù, kí ọmọ tí a kò tíì bí lè bá a nílẹ̀. Iṣẹ́ kejì ni ìpèsè. Ẹni tí ó wá lónìí gbọ́dọ̀ rí ohun tí ó wá, kí ó sì rí i ní àkókò tí yóò ṣe é ní àǹfààní. Iṣẹ́ méjèèjì dára, ṣùgbọ́n àpò owó kan náà ni wọ́n ń jìjàdù lé lórí.

Ní ìlú Hereford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìkàwé kan wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì àgbà ibẹ̀ tí a ti fi ẹ̀wọ̀n irin so àwọn ìwé mọ́ pẹpẹ wọn, àwọn ẹ̀wọ̀n náà sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ní ayé ìgbà tí ọwọ́ ni a fi ń kọ ìwé, ìwé kan ṣoṣo níye lórí púpọ̀, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi ń dè é mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kà á ní láti lọ bá a níbi tí ó wà. Ìwé náà kò sọnù, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè dé Hereford kò rí i kà. Ìpamọ́ wà níbẹ̀. Ìpèsè ni kò tó.

Ní 1931, Ọ̀gbẹ́ni S. R. Ranganathan, tí ó jẹ́ olùtọ́jú ilé ìkàwé Yunifásítì Madras ní ilẹ̀ Íńdíà, ṣe ìwé kan jáde nínú èyí tí ó gbé òfin márùn-ún kalẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó fi ṣíwájú nínú wọn ni pé nítorí lílò ni ìwé ṣe wà. Ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ilé ìkàwé ni ó ti gba ẹ̀kọ́ yìí láti ìgbà náà. Wọ́n gbà pé kì í ṣe iye ìwé tí ó wà lórí pẹpẹ nìkan ni a fi ń díwọ̀n ilé ìkàwé. Iye ènìyàn tí ó rí ìdáhùn sí ìbéèrè wọn níbẹ̀ ṣe kókó pẹ̀lú.

BÍ A ṢE KÓ ÌWÉ JỌ NÍ ILẸ̀ WA

Ní ilẹ̀ tiwa, àpẹẹrẹ ìpamọ́ tí ó dára wà. Olóògbé Henry Carr, ọmọ Èkó tí ó di òṣìṣẹ́ àgbà nínú iṣẹ́ ẹ̀kọ́ àti ti Ìjọba, jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ràn ìwé púpọ̀. Nígbà tí ó kú ní 1945, ìwé tí ó fi sílẹ̀ tó bí 18,000. Ìjọba ra ìwé wọ̀nyí, wọ́n sì di ti ilé ìkàwé Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1948. Àwọn ìwé àti àkọsílẹ̀ Herbert Macaulay, tí ó kú ní 1946, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ilé ìkàwé kan náà yìí ni à ń pè ní Ilé Ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn lónìí. Ẹ rò ó wò: bí ó bá jẹ́ pé a pín ìwé Henry Carr káàkiri ni, tàbí kí a tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ta ni ì bá tún kó o jọ?

Òfin pẹ̀lú ran ìpamọ́ lọ́wọ́. Láti 1950 ni òfin ti pàṣẹ pé kí àwọn tí ń tẹ ìwé jáde ní Nàìjíríà máa fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé ti Ìbàdàn yìí. Ní 1964 a dá Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-Èdè sílẹ̀. Òfin tí Ìjọba Àpapọ̀ sì ṣe ní 1970 sọ ọ́ di dandan fún olúkúlùkù ẹni tí ó bá tẹ ìwé jáde láti fi ẹ̀dà 3 ránṣẹ́ síbẹ̀, láì gba owó. A ó pa 2 mọ́ títí láé, a ó sì fi 1 tí ó kù fún Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ̀ka Ìjọba Àpapọ̀ tí ó bá tẹ ìwé yóò mú ẹ̀dà 25 wá; ti Ìpínlẹ̀ yóò mú 10 wá. Ìdí òfin yìí kò le: ohun tí a bá tẹ̀ ní ilẹ̀ wa gbọ́dọ̀ ní ibì kan nílẹ̀ wa tí kò ti ní parẹ́.

Ṣùgbọ́n ìpamọ́ ní ìlú ńlá nìkan kò tó. Ní 1953, àjọ UNESCO pe àwọn amòye jọ sí Ìbàdàn láti jíròrò bí ilé ìkàwé tí ó wà fún gbogbo ènìyàn yóò ṣe gbilẹ̀ ní Áfíríkà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ tí ó ti mọ ìwé kà ní abúlé kò lè máa rin ìrìn-àjò lọ sí Ìbàdàn nígbàkígbà tí ó bá fẹ́ kàwé. Ìwé ni ó gbọ́dọ̀ wá bá a. Níbi yìí ni a ti rí ìwúlò àṣà kíkó ìwé sínú àpótí, tí a sì ń gbé àpótí náà láti abúlé kan dé èkejì. Kò sí abúlé tí ó ni ìwé inú rẹ̀, síbẹ̀ gbogbo wọn ni ó rí i kà. Ìpèsè nìyẹn.

ÌDÍ TÍ ILÉ ÌKÀWÉ KAN KÒ FI LÈ NÍ GBOGBO ÌWÉ

Àwọn mìíràn lè sọ pé bí owó bá wà, kí á kúkú ra gbogbo ìwé, kí á bọ́ lọ́wọ́ yíyá. Kò ṣe é ṣe, ìdí rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́ta.

Èkínní, ìwé tí à ń tẹ̀ ní ayé pọ̀ ju owó ilé ìkàwé èyíkéyìí lọ. Ilé Ìkàwé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà ní Washington wà lára àwọn tí ó tóbi jù lọ ní ayé, síbẹ̀ òun náà kì í fi gbogbo ìwé tí ó ń wọlé sí i pamọ́. Yíyàn ni ó ń yàn.

Èkejì, ìtọ́jú ìwé gba owó ju bí a ti rò lọ. Ọjọ́ tí a ra ìwé dàbí ọjọ́ ìkómọ: inú a máa dùn, ṣùgbọ́n títọ́ ọmọ ni iṣẹ́. Ikán ń jẹ ìwé, òjò ń rẹ ẹ́, ọ̀rinrin ń mú un bu, ooru ń mú kí lẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ kí ojú ewé sì máa já bọ́. Ìwé tuntun ń fẹ́ pẹpẹ tuntun, pẹpẹ tuntun ń fẹ́ yàrá tuntun. Ilé ìkàwé tí ó bá ra ìwé ju èyí tí agbára rẹ̀ lè tọ́jú lọ, ikán ni ó ń rà á fún.

Ẹ̀kẹta, àwọn ìwé kan wà tí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni à ń sanwó wọn. Àwọn wọ̀nyí ni ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ àbájáde ìwádìí wọn nípa oògùn, ohun ọ̀gbìn, ẹran ọ̀sìn àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀. Lọ́dọọdún ni à ń san àsansílẹ̀ owó wọn. Ó ṣe é ṣe kí ènìyàn méjì péré wá béèrè ọ̀kan nínú wọn láàárín ọdún kan, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì lè jẹ́ dókítà tí ẹ̀mí aláìsàn wà lọ́wọ́ wọn. A kò lè sọ pé kí wọ́n máa lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sì bọ́gbọ́n mu láti ná owó ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé tán lórí rẹ̀.

ÀJỌNÍ ÀTI ÀYÁLÒ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun tí àwọn ilé ìkàwé ṣe láti yanjú ìṣòro yìí kò yàtọ̀ sí ohun tí òwe náà kọ́ wa. Wọ́n pinnu láti máa ran ara wọn lọ́wọ́.

Bí ó ṣe ń rí nìyí. Òǹkàwé béèrè ìwé kan, kò sì sí nínú ilé ìkàwé rẹ̀. Olùtọ́jú ilé ìkàwé kò sọ pé "Kò sí". Ó wo àkójọ orúkọ ìwé tí àwọn ilé ìkàwé mìíràn ní. Bí ó bá rí i níbì kan, ó kọ̀wé síbẹ̀. Wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ fún àkókò díẹ̀, tàbí kí wọ́n ya ẹ̀dà àwọn ojú ewé tí a ń fẹ́ bí òfin bá gbà á láàyè. Òǹkàwé kà á tán, ìwé padà sí ọ̀dọ̀ olóhun. Ohun méjì ni ó mú kí ètò yìí ṣe é ṣe: kí olúkúlùkù ilé ìkàwé kọ orúkọ ohun tí ó ní sílẹ̀ dáradára, kí ẹni tí ó yá ìwé sì dá a padà.

Ní Boston Spa, ní agbègbè Yorkshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí a ti ń pèsè ohun ìjà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ṣí ilé ìkàwé kan ní 1962 lábẹ́ àbójútó Ọ̀gbẹ́ni Donald Urquhart. Yíyá ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ fún àwọn ilé ìkàwé mìíràn nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́ ni olórí iṣẹ́ rẹ̀. Ilé ìkàwé kan ṣoṣo ń ra ìwé tí ó ṣọ̀wọ́n, ọgọ́ọ̀rọ̀ mìíràn sì ń lò ó. Ní 1973 ó di apá kan British Library, èyí tí í ṣe ilé ìkàwé ìjọba ilẹ̀ náà.

Ní Chicago ní Amẹ́ríkà, yunifásítì mẹ́wàá parapọ̀ ní 1949 láti dá ilé kan sílẹ̀ fún ìwé tí gbogbo wọn nílò ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í lò lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ ilé yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Láti 1963 ni àwọn ilé ìkàwé kan ti ń tipasẹ̀ rẹ̀ ya àwòrán àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ Áfíríkà sórí fíìmù kékeré, ti Nàìjíríà sì wà lára wọn. Fíìmù kan tí ó wọ inú àtẹ́lẹwọ́ lè gba ìwé ìròyìn ọ̀pọ̀ oṣù. Inú wa dùn pé wọ́n ṣe é, nítorí bébà ìwé ìròyìn kì í pẹ́ bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó mú wa ronú pẹ̀lú: bí ọmọ wa bá ní láti béèrè lọ́wọ́ Chicago kí ó tó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú bàbá rẹ̀, ìpèsè wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹlòmíràn ni kọ́kọ́rọ́ wà.

ÌWÉ ORÍ KỌ̀ǸPÚTÀ: ṢÉ RÍRÀ NI TÀBÍ YÍYÁ?

Láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì ti dé, ìpèsè ti rọrùn lọ́nà tí àwọn ará ìgbàanì kò lè gbàgbọ́. Ìwé tí ó wà ní òkè òkun lè dé orí fóònù ẹni ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ohun kan yí padà tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé kò fura sí. Ẹni tí ó bá lóye ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìṣákọ́lẹ̀ yóò tètè mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ilé ìkàwé bá ra ìwé bébà, ó dàbí ẹni tí ó ra ilẹ̀. Ìwé náà di tirẹ̀. Ó lè yá a fún ẹgbẹ̀rún ènìyàn, kí ó tún ẹ̀yìn rẹ̀ dì nígbà tí ó bá já, kí ó sì fi í sílẹ̀ fún àrọ́mọdọ́mọ. Ẹni tí ó tà á kò tún ní ohun kan í sọ mọ́.

Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìwé orí kọ̀ǹpútà ni a kì í tà fún ilé ìkàwé lọ́nà bẹ́ẹ̀. Àṣẹ láti lò ó ni a ń tà. Ilé ìkàwé dàbí àgbẹ̀ tí ń san ìṣákọ́lẹ̀: ó lè dáko níbẹ̀, ó lè kórè, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Onílẹ̀ ni yóò sọ ohun tí ó lè gbìn àti iye ọdún tí yóò lò. Bí ìṣákọ́lẹ̀ bá dáwọ́ dúró, ó di dandan kí ó kúrò.

Àpẹẹrẹ kan nìyí. Ní 2011, ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé HarperCollins kéde fún àwọn ilé ìkàwé pé bí wọ́n bá ti yá ìwé orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kan fún ènìyàn ní ìgbà 26, àṣẹ lórí ìwé náà ti tán. Bí wọ́n bá tún fẹ́ ẹ, wọn yóò tún sanwó. Bí a bá yá ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan, ìgbà 26 kò ju ọdún kan lọ. Ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ilé ìkàwé fárígá. Ó tọ́ kí á sọ ti àwọn atẹ̀wé pẹ̀lú: wọ́n ní ìwé bébà a máa gbó, ilé ìkàwé a sì tún òmíràn rà, ṣùgbọ́n ti kọ̀ǹpútà kì í gbó, bí ẹ̀dà kan bá sì tó fún gbogbo ayé títí láé, kí ni òǹkọ̀wé yóò jẹ? Ọ̀rọ̀ ń bẹ lẹ́nu ìhà méjèèjì. Ohun tí ó yẹ kí òǹkàwé mọ̀ ni pé ìwé tí ó rí lórí kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé lónìí lè má sí níbẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀, kì í sì í ṣe pé ẹnikẹ́ni jí i.

Ọ̀NÀ MÉJÌ FÚN ÌMỌ̀ IṢẸ́ ÀGBẸ̀

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ yóò jẹ́ kí á rí ìyàtọ̀ yìí kedere, nítorí pé ọ̀nà méjèèjì ni a ti gbìyànjú rẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa.

Ní 1999, Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà gbé ètò kan jáde tí à ń pè ní TEEAL. Wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìwé àtìgbàdégbà lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ sórí àwo kọ̀ǹpútà tí ó ju 100 lọ, wọ́n sì ń tà á fún àwọn ilé ìkàwé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀ ní ìdínwó ńlá. Kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì. Bí àwọn àwo náà bá ti wọ ilé ìkàwé, ibẹ̀ ni wọ́n wà. Àléébù rẹ̀ ni pé ìwádìí tuntun kò lè wọ inú àwo tí a ti ṣe tán. Ó di ìgbà tí a bá fi òmíràn ránṣẹ́.

Ní 2003, Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé, FAO, bẹ̀rẹ̀ ètò mìíràn tí à ń pè ní AGORA. Ó tẹ̀ lé àpẹẹrẹ HINARI, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní 2002 fún ọ̀rọ̀ ìlera. Nípasẹ̀ ètò wọ̀nyí, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìwádìí ní àwọn orílẹ̀-èdè tí agbára wọn kò pọ̀ ń ka ìwé àtìgbàdégbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó díẹ̀. Ìwádìí tuntun ń wọlé lójoojúmọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé bí iná mànàmáná bá lọ, tàbí tí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá ṣiṣẹ́, kò sí ohun tí a lè kà. Ìwé náà kò sì sí lọ́wọ́ ilé ìkàwé. Ojú rere ni a fi ń kà á.

Àgbẹ̀ ní oko lè béèrè pé: kí ni ti èmi nínú èyí? Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni. Òṣìṣẹ́ tí Ìjọba ń rán láti gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn ń kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Bí olùkọ́ rẹ̀ kò bá rí ìwádìí tuntun nípa àrùn ẹ̀gẹ́ kà, ìmọ̀ràn àtijọ́ ni yóò kọ́ ọ, ìmọ̀ràn àtijọ́ náà ni yóò sì dé oko.

EWU Ń BẸ LỌ́TÙN-ÚN, Ó Ń BẸ LÓSÌ

Yorùbá ní ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2011, àwọn atẹ̀wé kan fa ọwọ́ ojú rere sẹ́yìn ní ilẹ̀ Bangladesh. Ìwé àtìgbàdégbà tí ó ju 2,500 lọ, tí àwọn dókítà ibẹ̀ ń kà lọ́fẹ̀ẹ́ nípasẹ̀ HINARI, ni a pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé. Ariwo pọ̀, àwọn kan nínú atẹ̀wé náà sì tún ilẹ̀kùn ṣí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò yẹ kí ó ṣòfò.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 2023, àwọn ọ̀daràn gbógun ti àwọn kọ̀ǹpútà British Library ní ìlú London. Àkójọ orúkọ ìwé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣe é wò títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn iṣẹ́ mìíràn sì pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó padà bọ̀ sípò. Ìwé bébà wà lórí pẹpẹ láìfarapa. Ọ̀nà tí a ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó dí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ohun tí ó wà nílé ẹni nìkan ni kì í sọnù. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 2021, iná igbó tí ó ràn láti orí òkè Table Mountain jó yàrá ìkàwé Jagger ní Yunifásítì Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ ìwé lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ni ó jóná. Ìwé tí ẹ̀dà rẹ̀ wà níbòmíràn, a lè tún un wá. Èyí tí ó jẹ́ ẹ̀dà kan ṣoṣo, ó lọ pátápátá. Níní láìsí ẹ̀dà níbòmíràn léwu bí yíyá láìsí tiwa.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA TÍ Ó YANJÚ Ọ̀RỌ̀

Báwo ni ilé ìkàwé yóò ti ṣe é, nígbà tí ó jẹ́ pé rírà kò tó, yíyá kò sì tó? Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ nípa ohun kọ̀ọ̀kan.

Èkínní: ǹjẹ́ ẹlòmíràn wà tí ó ní ohun yìí, tí ó sì ti fara mọ́ ọn pé òun yóò tọ́jú rẹ̀? Bí ó bá wà, a lè yá a. Bí kò bá sí, àwa ni kí á ní i.

Èkejì: ìgbà mélòó ni a ń béèrè rẹ̀? Ìwé atúmọ̀ èdè, ìwé ìtọ́jú aboyún àti ọmọ, àti ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kà fún ìdánwò, ojoojúmọ́ ni à ń lò wọ́n. Ìwọ̀nyí kò yẹ ní ohun tí a ó máa fi lẹ́tà wá kiri. Èyí tí à ń béèrè lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni kí á yá.

Ẹ̀kẹta: bí ọ̀nà bá dí lọ́la, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí wa? Bí kò bá ju pé kí a dúró fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kò burú. Bí ó bá jẹ́ pé ìwòsàn yóò dúró, tàbí pé ìtàn ìlú yóò parẹ́, a jẹ́ pé ó yẹ kí á ní ẹ̀dà tiwa lọ́wọ́.

Bí a bá fi ìbéèrè wọ̀nyí wo yàrá ìkàwé abúlé, a ó rí i pé ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ fún un láti ní kì í ṣe ìwé olówó ńlá láti òkè òkun. Ilé ìkàwé ńláńlá ní ayé ni yóò tọ́jú ìwé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tọ́jú ìwé ìtàn ìlú tí àgbà kan kọ tí ó sì tẹ̀ ní ẹ̀dà díẹ̀? Ta ni yóò tọ́jú ìwé ètò ọjọ́ ìlú, àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè, oríkì ìdílé tí akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì kọ sínú ìwé àjákọ, tàbí àwòrán ọjọ́ tí a ṣí ilé-ìwé àkọ́kọ́? Kò sí atẹ̀wé tí yóò ta àwọn wọ̀nyí fún wa. Bí àwa kò bá ní wọn, kò sí ẹni tí a ó yá wọn lọ́wọ́ rẹ̀.

OHUN TÍ ÒǸKÀWÉ LÈ ṢE

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti olùtọ́jú ilé ìkàwé nìkan. Àwọn ohun tí olúkúlùkù lè ṣe nìwọ̀nyí:

1. Ẹ dá ìwé tí ẹ yá padà ní ọjọ́ tí a dá. Ìwé kan tí kò padà lè mú kí ilé ìkàwé mìíràn kọ̀ láti yá abúlé yín ní òmíràn.

2. Bí ìwé tí ẹ ń fẹ́ kò bá sí, ẹ má ṣe dákẹ́ kí ẹ sì máa lọ. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún olùtọ́jú yàrá ìkàwé. Ìbéèrè yín ni yóò fi mọ ohun tí ó yẹ ní rírà àti èyí tí ó yẹ ní yíyá.

3. Bí ẹ bá ní àkọsílẹ̀ àtijọ́ nínú àpótí nílé, ẹ má ṣe fi wé ẹ̀kọ tàbí àkàrà, ẹ má sì jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́. Ẹ mú un wá kí á ya ẹ̀dà rẹ̀. Kí ẹ̀dà kan wà ní abúlé, kí òmíràn sì wà ní ilé ìkàwé ńlá ti Ìpínlẹ̀ tàbí ti yunifásítì, kí iná tàbí òjò ibì kan má baà pa ohun gbogbo rẹ́.

4. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ìwé jáde, bí ó ti wù kí ìwé náà kéré tó, ẹ rántí ẹ̀dà 3 tí òfin sọ. Ìwé tí ó dé Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-Èdè ti kúrò ní ohun tí ikú ẹnì kan lè mú lọ.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì wá láti yá ìwé tí ẹlòmíràn ní. Ṣùgbọ́n kí àwa náà ní èyí tí ẹlòmíràn yóò wá yá lọ́wọ́ wa. Ní ọjọ́ tí ọmọ yunifásítì bá ti Èkó tàbí ti òkè òkun wá sí abúlé láti ka ìtàn tí kò sí níbòmíràn ní ayé, tí ó sì bá a lórí pẹpẹ, ní mímọ́ àti ní pípé, yàrá ìkàwé náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.